Bí A Ṣe Ń To Ètò Rédíò Ọjọ́ Kan Bíi Ti London Ọdún 1955, Nínú Àgbàlá Kan n'Ìbàdàn

Àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí waya ń gbé ohùn wọ̀, ni ọ̀pọ̀ ilé n'Ìbàdàn fi kọ́kọ́ mọ rédíò. Ọdún 1939 ni ibùdó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí, ètò BBC sì pọ̀ nínú ohun tí waya yẹn ń gbé wá. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni orúkọ tó jẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, torí pé bó o fèsì, kò gbọ́. Ìlànà yìí wà fún ẹgbẹ́, ilé ìwé tàbí ìjọ tó bá fẹ́ dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti aago 6:30 òwúrọ̀ dé aago 11 alẹ́: èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ tiwa, àmọ́ ìtò àti ìdíwọ̀n àkókò ti London.

Ẹ má ṣe gbé ètò BBC àtijọ́ fúnra rẹ̀ sí i. Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ eré ṣì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti nílẹ̀ wa. Ìtò wọn lẹ fẹ́ mú, ẹ máa ro oúnjẹ tiyín sínú àwo náà. Fún orin, ẹ bá MCSN, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ olórin, sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ má sì gbé e sáfẹ́fẹ́, torí ìwé àṣẹ NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ni rédíò fi ń wà lórí afẹ́fẹ́. Sípíkà inú ọgbà yín ni kí ẹ fi waya so, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣe ìnáwó. Ó tilẹ̀ bá àpótí ara ògiri mu ju FM lọ.

Ẹ mú ọdún kan, kí ẹ dúró síbẹ̀

Ìkànnì mẹ́ta ni BBC ní nílé nígbà náà. Home Service bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Òun ló ń gbé ìròyìn, ìsìn, ẹ̀kọ́ ilé ìwé àti eré onítàn. Light Programme, ti ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1945, ni ti orin àti ẹ̀rín. Third Programme dé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1946. Alẹ́ nìkan ló ń jí, fún àwọn tó lè jókòó ti eré tàbí orin ńlá kan fún wákàtí méjì láìdìde. Ẹ̀yin ní waya kan péré, nítorí náà ẹ ó pò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni pé wọ́n á kó gbogbo orúkọ tí wọ́n ti gbọ́ rí sínú ọjọ́ kan. Dick Barton, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ló ni aago 6:45 ìrọ̀lẹ́; ìgbà tó kúrò lọ́dún 1951 ni The Archers, eré àwọn àgbẹ̀, wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá to méjèèjì sínú ìrọ̀lẹ́ kan náà, ó ti tú ara rẹ̀ síta. ITMA, eré ẹ̀rín, parí lọ́dún 1949. Hancock's Half Hour, ẹ̀rín bákan náà, kò dé títí di oṣù kọkànlá ọdún 1954. Ọdún 1955 la fara mọ́ jù, torí pé òun ni rédíò fi ń dá alẹ́ jẹ gbẹ̀yìn láìsí tẹlifíṣọ̀n olówò. Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ITV, tẹlifíṣọ̀n olówò náà, bẹ̀rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an sì ni The Archers fi iná pa Grace Archer, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú eré wọn. Ẹ kúkú wo ọjọ́ tí wọ́n mú!

Láti rí ìtò gidi, ẹ lọ sí BBC Programme Index lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ tẹ ọjọ́ tí ẹ fẹ́. Ti London ni kí ẹ yàn, torí pé Home Service máa ń yà sọ́tọ̀ láti ẹkùn dé ẹkùn. Ọjọ́ ìṣẹ́gun sí ọjọ́bọ̀ ló dára. Ọjọ́ ìsinmi ní ìtò tirẹ̀ pátápátá. Ní ti aago, bí wọ́n bá kọ 1:45, 1:45 aago Ìbàdàn ni kí ẹ lò. Lóòótọ́ ni a fi wákàtí kan ṣáájú London nígbà òtútù wọn, àmọ́ ìgbésí ayé olùgbọ́ lẹ ń bá rìn, ẹ kò bá London sáré.

Ọwọ́ olùgbọ́ ni kí ẹ wò

Oríṣiríṣi kì í ṣe àdàlù. Ẹni tó ń to ètò níbẹ̀ lọ́jọ́ wọnnì mọ ohun tí ọwọ́ olùgbọ́ ń ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá dí tí etí sì ṣí, orin ni. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, ọ̀rọ̀ lè gùn. Bí ọwọ́ bá gbé ọmọ, ìṣẹ́jú 15 ti pọ̀ tó.

Láàárọ̀, kí ohunkóhun má kọjá ìṣẹ́jú 15. Ìròyìn aago 7 àti aago 8, àárín wọn ni àdúrà ìṣẹ́jú márùn-ún kan, Lift Up Your Hearts, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ìròyìn aago 8 wọlé. Tiyín lè jẹ́ ìwúre. Ẹ yan pásítọ̀ kan àti ààfáà kan, kí ẹ sì sọ fún àwọn méjèèjì pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ ni, kí ẹni kan dúró níwájú wọn pẹ̀lú aago. Àwọn èèyàn ń wẹ ọmọ, wọ́n ń wá mọ́tò Dùgbẹ̀. Ẹ máa pe aago fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Aago 9:10 ni Housewives' Choice, àwo orin tí olùgbọ́ fi lẹ́tà béèrè. Ẹ gba lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ojú kan àwo ìgbà náà, èyí tó jẹ́ ínǹṣì 10, kì í gba ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orin 14 jẹ́ ìṣẹ́jú 42. Kíka lẹ́tà, ìṣẹ́jú àáyá 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àáyá 40. Ṣíṣí àti pípa ètò gba méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú 49, ó sì wọ inú àlàfo ìṣẹ́jú 50. Bí olóòtú bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ìdílé ẹni tó kọ̀wé, orin mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Haruna Ishola àti Ayinde Bakare ti ń ṣe àwo kí ọdún 1955 tó dé, ẹ lè lò wọ́n. I. K. Dairo kò tíì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ títí di ọdún 1957, nítorí náà kí ó dúró ná, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó.

Aago 10:30 ni Music While You Work, ètò tó bẹ̀rẹ̀ nígbà ogun, lóṣù kẹfà ọdún 1940, fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá. Ìṣẹ́jú 30, orin sorí orin, ẹnikẹ́ni kì í dá sí i láàárín. Òfin rẹ̀ le: kí ìyára orin má yí padà lójijì, kí orin má lọ sílẹ̀ jù débi tí ariwo ẹ̀rọ á bò ó, kí ìlù má sì dún bí ìbọn. Wọ́n tilẹ̀ yọ orin kan tó ní àtẹ́wọ́ nínú, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ á fi irinṣẹ́ lu tábìlì tẹ̀ lé e. Níbí, òfin kan kún un: ẹ má lo dùndún. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe orin iṣẹ́. Télọ̀ tó bá gbọ́ oríkì ilé bàbá rẹ̀ lẹ́nu ìyáàlù á sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Gìtá àti fèrè háìláìfù tí kò ní orin ẹnu ló yẹ.

Aago 1:45 ni Listen with Mother, ìṣẹ́jú 15 fún ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 1950. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn ni àlọ́, àmọ́ àwọn ìyá àgbà tó wà ní ìjókòó á wò yín pé ta ló ń pàlọ́ lọ́sàn-án gangan. Ẹ fi orin ọmọdé, eré ọwọ́ àti ìtàn kékeré kan nípa ajá tàbí bọ́ọ̀lù ṣe ti ọ̀sán, kí àlọ́ dúró de ilẹ̀ ṣíṣú. Ẹni kan ṣoṣo ni kó sọ ọ́, kó sún mọ́ máìkì bí ẹni tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Woman's Hour tẹ̀ lé e ní aago 2, wákàtí kan; ìwé onítàn tí wọ́n ń kà díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wà ní ìparí rẹ̀, kí olùgbọ́ lè padà wá lọ́la. Tiyín kò ní ọ̀la, nítorí náà ẹ wá ìtàn kan tó parí.

Bí ó bá jẹ́ láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ nìkan kún aago 3 sí 5. Òjò ọ̀sán lórí páànù kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Ẹ ní orin wákàtí kan nípamọ́ tí ẹ lè fà yọ. Mrs Dale's Diary, ìtàn ìyàwó dókítà kan, ló wà ní nǹkan bí aago 4 lọ́hùn-ún, ìṣẹ́jú 15 péré. Children's Hour ní aago 5. Ìròyìn ní aago 6.

Aago 6:45 ti The Archers ló ní wàhálà níbí. Ìrun Mògàríbà máa ń bọ́ sí ìtòsí àkókò yẹn ní ọ̀pọ̀ oṣù, sípíkà mọ́ṣáláṣí àti tiyín á sì máa figa gbága. Ẹ gbé e sí 7:15. Eré yìí yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kọ. Godfrey Baseley dá a sílẹ̀ kí àgbẹ̀ lè rí ìmọ̀ gbà láìmọ̀ pé wọ́n ń kọ́ òun. Ó kọ́kọ́ dé gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1951. Ìṣẹ́jú 15, ìran mẹ́ta sí mẹ́rin, ìmọ̀ ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí bàbá àti ọmọ jà lórí ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan ní ọ̀nà Mọ́níyà: ọmọ fẹ́ gbìn ín ní mítà kan sí mítà kan, tí yóò fún wọn ní ẹsẹ̀ 10,000 lórí hẹ́kítà kan, igi ẹ̀gẹ́ gígùn sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, bàbá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òun ṣe ń ṣe é. Ìjà ni olùgbọ́ á rántí, nọ́ńbà á sì tẹ̀ lé e wọlé. Bí ẹ bá fi ìmọ̀ mẹ́ta sí i, ó di ìwé ìtọ́ni, ẹlẹ́rù á gbé ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Aago 8, ẹ̀rín, ìdajì wákàtí, níwájú èrò. Ẹ fi orin méjì gé e sí ọ̀nà mẹ́ta, bí The Goon Show, eré ẹ̀rín BBC, ti máa ń ṣe. Àwọn òṣèré á fi ìyẹn mí. Ẹ gbé máìkì kan kọ́ sókè orí àwọn èrò. Ẹ̀rín inú kọ̀ǹpútà burú, ó máa ń dé kí ọ̀rọ̀ tó parí. Aago 9 ni ìròyìn ńlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 15 látẹnu ẹni kan ṣoṣo, kí eré onítàn gígùn ti Third Programme tó gba ìyókù alẹ́, torí pé ọwọ́ ti dilẹ̀ nígbà yẹn.

Ojú ìsopọ̀

Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó wà láàárín ètò kan sí èkejì ni èèyàn fi ń mọ̀ bóyá rédíò ni ẹ ṣe tàbí àkójọ orin. Ètò tó bá ní ìṣẹ́jú 15 lórí ìwé, 14 àti àáyá 15 ni kó jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ìyókù jẹ́ ti asọ̀rọ̀ tó ń so ètò pọ̀. Ẹ má ṣe fi iye ọ̀rọ̀ díwọ̀n: Yorùbá ń fa ohùn, ẹni méjì kì í sì kà bákan náà. Ojú ìwé kan ni kí ẹni tó máa kà á gan-an kà sókè pẹ̀lú aago, ẹ wá fi ìyẹn ṣírò.

Láti dé orí wákàtí láìgé ohunkóhun, ẹ ka àkókò padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ní ìròyìn wọlé ní 1:00:00. Àmì aago bẹ̀rẹ̀ ní 12:59:55. Asọ̀rọ̀ nílò àáyá 15, kí ó dákẹ́ fún méjì, nítorí náà orin gbọ́dọ̀ parí ní 12:59:38. Bí orin bá gùn tó ìṣẹ́jú méjì àti àáyá 50, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 12:56:48, àmọ́ kí ẹ pa ohùn rẹ̀ mọ́. Ètò tó wà lórí afẹ́fẹ́ parí ní 12:57:30? Ẹ rọra ṣí orin náà nígbà yẹn. Olùgbọ́ á bá a láàárín, àmọ́ ìparí rẹ̀ á bọ́ sójú ibi tó yẹ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ orin látòkè ní 12:57:30 á gé e lọ́rùn, ìyẹn ni etí kì í sì í dárí jì. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ ni kí ẹ lò fún èyí.

Àmì aago Greenwich wà lórí afẹ́fẹ́ láti ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1924: pí mẹ́fà. Ẹ ṣe é nínú Audacity, irinṣẹ́ ìtún-ohùn-ṣe inú kọ̀ǹpútà: ohùn sine (ìró geere kan ṣoṣo) 1000 Hz, àáyá 0.1, kí ìdákẹ́jẹ́ 0.9 tẹ̀ lé e, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìbẹ̀rẹ̀ pí kẹfà ni orí wákàtí. Ẹ má fa ìkẹfà gùn! Ìparí ọdún 1971 ni wọ́n sọ ọ́ di gígùn. Lọ́dún 1955, ọgbọọgba ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Máìkì àti eré

Máìkì rìbọ́ọ̀nù tí BBC ń lò ń gbọ́ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dití. Òṣèré méjì á dúró kojú ara wọn, máìkì láàárín. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè á ti ẹ̀gbẹ́ tó dití rìn wá síwájú. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń gbọ́ níwájú nìkan, ẹ kó gbogbo wọn síwájú, kí ẹni tó jìnnà yí ojú sí ògiri. Sẹ̀ǹtímítà 45 ni ọ̀rọ̀ lásán, 15 ni àṣírí. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ẹ tú pín ara ìwé, kí wọ́n gbé ojú ìwé sílẹ̀ dípò ṣíṣí i. Ìrẹsì tí wọ́n ń dà sórí tíréè ni òjò. Òkúta wẹ́wẹ́ nínú agbada ni ẹsẹ̀. Fáànù ni kí ẹ pa, kódà bí òógùn bá ń ṣàn.

Ìwọ̀n ohùn: ní BBC, abẹ́rẹ́ mítà kì í kọjá 6, tí í ṣe -10 dBFS (ìwọ̀n tí 0 jẹ́ òkè pátápátá) nínú kọ̀ǹpútà òde òní. Kí ọ̀rọ̀ máa kan ibẹ̀. Kí orin rọlẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, torí ó máa ń kún etí ju bí mítà ti ń wí lọ. Láti mú un dún bí ti àtijọ́, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di mono (ohùn ojú kan ṣoṣo), ẹ gé ohun tó wà lábẹ́ 150 Hz àti lókè 5 kHz. Ẹ má fi ariwo ṣáṣá kún un. Rédíò London kò ṣe bẹ́ẹ̀ létí ẹni tó ń gbé London, waya Ìbàdàn náà kì í sì í gba ìró mànàmáná bí ti afẹ́fẹ́.

Waya àti iná

Bí sípíkà bá ju mẹ́rin lọ, ẹ lo amplifier 100 volt, irú ti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá jẹ́ 120 watt, kí àpapọ̀ sípíkà má ju 96 lọ. Ẹnu ìwo mẹ́rin ní àgbàlá, 10 watt ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpótí mẹ́fà nínú ilé, 6 watt ọ̀kọ̀ọ̀kan: 76 nìyẹn. Waya 1.5 mm² tó. Gbogbo sípíkà ló ń gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àmì ìròpọ̀ sí ìròpọ̀. Bí ẹ bá yí ọ̀kan padà, ẹni tó bá dúró sáàárín méjì á gbọ́ ohùn tó ṣófo bí inú kòtò. Sípíkà 8 ohm lásán tí kò ní transformer, ẹ má so ó mọ́ ọn, á jóná lójú ẹsẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù jẹ 50 watt, mixer (ẹ̀rọ tó ń pò ohùn pọ̀) 20, amplifier nǹkan bí 60: 130. Bátìrì 12 volt, 200 Ah, ní 2,400 watt-wákàtí, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ ná tí ẹ kò bá fẹ́ bà á jẹ́. Inverter á tún jẹ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ku 1,020, tí í ṣe wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 50. Bátìrì méjì á gbé yín láti 6:30 òwúrọ̀ dé nǹkan bí 10:10 alẹ́ bí iná ìjọba kò bá dé rárá. Àárín eré onítàn gan-an nìyẹn. Nítorí náà ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí méjì lásìkò Music While You Work àti ti orin ọ̀sán, níbi tó jìnnà tó mítà 30, kí ẹ fi gba agbára sínú bátìrì.

Ní aago 11, asọ̀rọ̀ á kí èrò pé ó dàárọ̀. Orin orílẹ̀-èdè ni BBC fi ń pa ìlẹ̀kùn; ẹ lè fi dùndún ṣe tiyín, ọwọ́ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ohùn wálẹ̀, ẹ pa amplifier ná, ẹ ka 10, kí ẹ tó pa mixer àti láptọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa mixer á rán ìró gbì sínú sípíkà 10, àwọn ọmọ tó ti sùn á jí.